Ta Ló Fọwọ́ Kan Káàdì Kẹ́hìndé?

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àti àwọn òbí wọn

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ fa àga súnmọ́ rédíò, kí ẹ sì mú ìwé àti bírò dání, torí a máa ṣe ìṣirò lónìí. Ẹ má sá lọ. Kò le.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi kí wọ́n tó ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ̀yìntì. Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ sóde àríyá, òbí kan kò ní ṣàì fa ọmọ rẹ̀ wá síwájú mi: "Màmá, ọmọ yín rèé o, dókítà ló fẹ́ ṣe." Màá bi ọmọ náà pé, "Kí ló wù ọ́ nínú iṣẹ́ dókítà?" Ọmọ á bojú wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni yóò dá mi lóhùn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òní láti orí orúkọ iṣẹ́. Orí káàdì ọsibítù ni màá ti bẹ̀rẹ̀, bébà líle tí wọ́n ń kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti àìsàn ẹni sí. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ẹ mú Ìyá Ìbejì kan. Mi ò dárúkọ ìlú rẹ̀, torí kò sí ìlú Yorùbá tí a ò ti ní rí Ìyá Ìbejì. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, aago 8 ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Kẹ́hìndé wà lẹ́yìn rẹ̀, ara ọmọ náà ti ń gbóná láti àná. Ó ti fi Táyé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba káàdì.

"Ẹ kú àárọ̀, ọ̀gá. Káàdì ọmọ mi ni mo wá gbà."

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Ìbejì. Táyé ni àbí Kẹ́hìndé?"

Ọ̀pọ̀ wa ló ń fojú akọ̀wé lásán wo ẹni tó jókòó sí fèrèsé yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Orúkọ bàbá àwọn ọmọ méjèèjì yìí kò yàtọ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn. Ilé kan ni wọ́n ń gbé, nọ́ńbà fóònù kan náà ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún wọn. Àwa Yorùbá la sì ń bí ìbejì jù láyé, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ọkùnrin yẹn bá ṣèèṣì fa káàdì Táyé yọ, dókítà yóò kà á pé oògùn kan mú ara ọmọ yìí wú lóṣù tó kọjá, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, pé kílò 10 ni. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ti Kẹ́hìndé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù nínú ìbejì tiwa kì í ṣe àwọn tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan lè jẹ́ AA kí ti ẹnì kejì jẹ́ AS. Nọ́ńbà káàdì nìkan ló dúró láàárín Kẹ́hìndé àti àṣìṣe. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ìlera yìí nílé ẹ̀kọ́ gíga, ó ní ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀. Ọmọ tí kì í sọ nǹkan nù, tí ìwé rẹ̀ wà létòlétò, tí kọ̀ǹpútà sì wù, ibẹ̀ lè jẹ́ ilé rẹ̀.

Káàdì kúrò ní fèrèsé, ó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì kì í fọwọ́ kan ọrùn ọmọ kó ní, "Ara ọmọ yìí mà gbóná o." Ìyá ti mọ ìyẹn láti ilé. Tẹmómítà ni nọ́ọ̀sì ń lò. Ó kọ 39.2 sílẹ̀. Ó gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, ó kọ kílò 12. Ó wo bí àyà ọmọ ṣe ń lọ sókè sódò, ó kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí, torí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí kan ilé wa gan-an. Nígbà tí ọdún 1950 sí 1959 ń parí lọ, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ David Morley wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti ń tẹ̀ lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Àwọn ọmọ ń kú nígbà náà, ìgbóná èyí lónìí, ìgbẹ́ gbuuru tọ̀hún lọ́la, pàápàá jù lọ èéyi. Ohun tí àwọn èèyàn fi ń rántí ọkùnrin yìí kì í ṣe oògùn. Bébà ni. Ó fa ìlà sórí káàdì kan: oṣù ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, kílò ń gòkè láti ìsàlẹ̀. Lóṣooṣù, wọ́n á gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á sì fi àmì kan sí i. Bí àmì bá ń gòkè, ara ọmọ le. Bí ó bá dúró sójú kan fún oṣù méjì, ewu ń bọ̀, bí ọmọ náà tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá fúnra wọn ni wọ́n sì ń tọ́jú káàdì náà sílé. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá wọ yàrá lálẹ́ yìí, ẹ ní kí ìyá yín fi káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára yín hàn yín. Ẹ wo ojú ìwé tí ìlà wà. Ọmọ-ọmọ káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé ni.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣe. Ó wọn nǹkan, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún padà wọ̀n ọ́n lóṣù tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ní kí n sọ gbogbo ẹ̀kọ́ ìlera fún yín lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe mọ nìyẹn.

Ó wá kan dókítà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí rẹ̀.

Dókítà ka ohun tí nọ́ọ̀sì kọ, ó wá bi ìyá léèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbejì ní, "Dókítà, gìrì ni mò ń bẹ̀rù o. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n lóru." Dókítà tí kò mọ ohun tí gìrì ń jẹ́, kò tíì mọ ohun tó ń ba ìyá yìí lẹ́rù. Ibà líle lè mú kí ọmọdé gan pa, kí ojú rẹ̀ yí. Ohun tí ìyá fẹ́ mọ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Ìbéèrè tí dókítà tó gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò tún bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láì pariwo, ni pé, "Ìyá, ṣé ẹ ti fún un ní nǹkan kan nílé?"

Ó nídìí. Láyé àtijọ́, àwọn kan sì ń ṣe é títí di ìsinsìnyí, àgbo ìtọ̀ màlúù ni wọ́n ń rọ ọmọ tí gìrì bá mú. Wọ́n á rẹ ewé tábà, ááyù àti efinrin sínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn gbé àgbo yìí lọ sí lábù, wọ́n wo ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tó ń ṣe nínú ara. Wọ́n rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ọmọ tí gìrì mú tí kò bá tají mọ́ lẹ́yìn àgbo, ó lè jẹ́ pé àgbo ló dá a dúró síbẹ̀, kì í ṣe gìrì. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọn ò bú ìyá àgbà, wọn ò sì gbà á gbọ́ lásán. Wọ́n dán an wò. Ìdí tí olùkọ́ kẹ́mísírì yín fi ń pariwo pé kí ẹ fi nǹkan sínú ìgò kí ẹ wo àwọ̀ tó yí padà nìyẹn, bí kò tilẹ̀ ráyè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba 4 nínú 10 nínú ìdánwò Yorùbá tí ẹ sì ń fi ṣe ẹ̀rín nítorí pé sáyẹ́ǹsì lẹ̀ ń ṣe, ẹni tí ẹ fẹ́ wò sàn ni yóò bi yín. Baba arúgbó yóò wọlé, yóò ní jẹ̀díjẹ̀dí ń da òun láàmú. Ó lè jẹ́ pé ìdí rẹ̀ yọ síta ló ń wí. Ó lè jẹ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ló ń ro ó. Ọ̀rọ̀ kan ni, àìsàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè yóò kọ ọ̀kan sílẹ̀, yóò sì lọ wá oògùn rẹ̀.

Dókítà ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé wò. Káàdì dé lábù.

Onímọ̀ lábù kì í sábà rí ojú ọmọ. Ìgò kékeré kan ló ń rí, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà lára rẹ̀. Ìgò tí kò bá ní orúkọ lára, ẹ̀jẹ̀ tí kò ní olówó ni. Dídà nù ló tọ́ sí i. Ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ọ̀kan nípọn, ọ̀kan fẹ́lẹ́, ó fi aró pa á láwọ̀, ó kán òróró díẹ̀ sí i, ó wá fojú sí máíkírósíkóòpù. Inú ẹ̀jẹ̀ tó nípọn ni yóò ti mọ̀ bóyá kòkòrò ibà wà. Inú èyí tó fẹ́lẹ́ ni yóò ti mọ irú èyí tó jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, Plasmodium falciparum ló máa ń jẹ́ jù, òun náà ló sì burú jù. Ó ń kà wọ́n ni o, kò kàn wò wọ́n. Ẹni tí kò lè jókòó ti nǹkan kan fún ìṣẹ́jú 10 láì wo fóònù, kó máa kọ́ ọ láti ìsinsìnyí bí iṣẹ́ yìí bá wù ú.

Èsì jáde. Ibà ni. Káàdì wá dé ọ̀dọ̀ apòògùn. Ẹ mú bírò yín.

Kílò 12 ni Kẹ́hìndé. Oògùn ibà tí wọ́n kọ fún un, èyí tó jẹ́ artemether àti lumefantrine nínú kóró kan, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń pín in: ọmọ tó ti tó kílò 5 ṣùgbọ́n tí kò tó 15, kóró 1 lẹ́ẹ̀kan, láti 15 sí ìsàlẹ̀ 25, kóró 2. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọjọ́ 3. Kóró mélòó ni Kẹ́hìndé yóò lò? Mo fún yín láyè díẹ̀. Ó jẹ́ 6. Ẹ kú iṣẹ́.

Ó ku ti pírísítámọ́ọ̀, olómi. Dókítà kọ ọ́ pé milígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 15 lọ́nà 12: ó jẹ́ 180. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé milígíráàmù 120 ló wà nínú mílílítà 5. Mílílítà mélòó ló wá gbé 180? Ẹ fi 120 pín 180, ẹ ó rí 1.5. Ẹ fi 5 lọ́nà rẹ̀. Mílílítà 7.5 ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìṣirò JSS ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àmì kékeré yẹn, èyí tó wà láàárín 7 àti 5. Bí bírò kò bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, 75 ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò kà, ìyẹn ìlọ́po 10. Mo sì ní láti sọ fún ẹ̀yin ìyá pé ṣíbí ọbẹ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n, ọ̀kan kò gba iye tí èkejì gbà. Ife kékeré tó wà lórí ìgò ni kí ẹ lò, ẹ má sì ṣe fi ìṣirò inú rédíò yìí fún ọmọ yín lóògùn. Apòògùn ni kí ẹ jẹ́ kó ṣe é lójú yín.

Ọwọ́ mélòó ló ti kan káàdì náà? Márùn-ún. Dókítà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bó bá jẹ́ pé Kẹ́hìndé ṣubú ni, ẹni tó ń ya fọ́tò egungun yóò fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn rẹ̀ ẹni tó ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìrìn. Bó bá jẹ́ ojú, oníṣègùn ojú. Wolé-wolé, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìmọ́tótó àyíká wò, ńkọ́? Àwọn ọmọdé òde òní kò mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà rántí bí a ṣe ń sáré gbá àyíká bí a bá gbọ́ pé wolé-wolé ń bọ̀. Ká ní ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lórí omi adágún tí ẹ̀fọn ń yé sí ní ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ìbejì ni, bóyá Kẹ́hìndé kì bá tí wá sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn rárá. Iṣẹ́ ìlera niṣẹ́ tirẹ̀ náà, wọ́n ń kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera, mo sì gbà pé kò gba ìyìn tó yẹ ẹ́.

Ó yá, ó kan ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Kírẹ́dítì 5 ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ń béèrè nínú WAEC tàbí NECO: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. C6 ni kírẹ́dítì ti bẹ̀rẹ̀. D7 kì í ṣe kírẹ́dítì bí ẹ tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àwọn yunifásítì kan ń gba èsì ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì pọ̀, àwọn mìíràn kò gbà, pàápàá fún ìṣègùn. Ẹ béèrè kí ẹ tó kọ orúkọ wọn sí fọ́ọ̀mù. Ti JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì ni, 100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 400. Ẹ ò gbọ́ ìṣirò níbẹ̀, àbí? Pàkúté tó ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ nìyẹn. Wọ́n á ní, "JAMB kò bi mí ní ìṣirò," wọ́n á pa á tì ní SS2. Máàkì JAMB á ga fíofío, ìṣirò á gbé F9 sílé láti WAEC, gbogbo rẹ̀ á sì dúró síbẹ̀. Ẹ sì ti rí i pé bó pẹ́ bó yá, orí ìgò pírísítámọ́ọ̀ lẹ ó ti bá ìṣirò pàdé.

Ọdún 6 ni ìṣègùn ní yunifásítì, ọdún 1 iṣẹ́ ìdánrawò lábẹ́ àwọn ọ̀gá, ọdún 1 ìsìnrú ìlú. Ọmọ tó wọlé ní 17 yóò ti tó 25 kó tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kó tó wá sọ pé òun fẹ́ di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú iṣẹ́ abẹ. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó mọ̀. Nọ́ọ̀sì ní yunifásítì, ọdún 5. Ìmọ̀ lábù, ọdún 5. Kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì gba ìwé-ẹ̀rí níbẹ̀ lè ti ibẹ̀ kọjá sí yunifásítì láì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpele àkọ́kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí ẹ ń rí ní sẹ́ńtà ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera. Ọ̀pọ̀ abúlé ló jẹ́ pé àwọn nìkan ni wọ́n ń rí.

Kí ni kí ọmọ SS1 wá máa ṣe báyìí? Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ wá nìyí o.

Ẹ lọ sí yàrá kẹ́mísírì. Titration. Ẹ ó kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ tẹríba kí ojú yín lè bá ojú omi inú búrẹ́ẹ̀tì dọ́gba, ẹ ó ka nọ́ńbà, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀ títí dé ẹyọ méjì lẹ́yìn àmì. Ẹ ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ní bàọ́lọ́jì, pẹ́ńsù ni ẹ ó fi ya àwòrán, ìlà kan ṣoṣo tó mọ́, láì kùn ún ní dúdú, rúlà ni ẹ ó fi fa ìlà orúkọ, ìlà kan kò sì gbọdọ̀ kọjá lórí èkejì. Ó ń sú àwọn ọmọ. Mo mọ̀. Wọ́n rò pé olùkọ́ kàn ń yọ wọ́n lẹ́nu ni. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ yà, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé. Nọ́ńbà tí ẹ kà ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Níbòmíràn, ẹnìkan ni yóò kọ èsì titration sójú pátákó lọ́jọ́ ìdánwò, tí gbogbo kíláàsì yóò kọ nọ́ńbà kan náà. Ẹ má jẹ́ kó dùn mọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo wọ wọ́ọ̀dù kan ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí àkọsílẹ̀ òru. Ọmọ mẹ́fà ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní aago 2 òru, 37.0 ni ti àkọ́kọ́. 37.0 ni ti ìkejì. 37.0 ni ti ìkẹta, títí dé ìkẹfà. Aago 6 àárọ̀, 37.0 káàkiri. Mo gbé tẹmómítà, mo lọ bá ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin torí pé ẹnu rẹ̀ gbẹ. 40.1 ni. Mo pe ọmọdébìnrin tó ṣiṣẹ́ òru, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó mọ̀wé, kò sí ìdánwò tí kì í yege. Mo ní, "Ṣé o kọ́kọ́ ṣe èyí ní SS3?" Kò kọ́kọ́ dáhùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mà, titration." Èmi àti ẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń sunkún, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọmọ yẹn yè, a dúpẹ́. Ọmọdébìnrin náà ti di ọ̀gá níbi tó wà báyìí, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó jẹ́ kọ 37.0 fún ẹni méjì tó tẹ̀ léra láì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ lọ tún un wọ̀n.

Ó ku díẹ̀ fún ẹ̀yin òbí. Ẹ ṣọ́ra fún iléèwé tó ń wọṣọ funfun. Ọmọ àbúrò mi kan kó sí i. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan báyìí nínú ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n kọ "nọ́ọ̀sì" gàdàgbà síwájú rẹ̀, wọ́n rán aṣọ, wọ́n ra fìlà, wọ́n gbowó fún ọdún méjì. Ọjọ́ tó yẹ kí ọmọ lọ ṣe ìdánwò ìjọba ló tó hàn pé àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà kò mọ ilé náà rí. Nọ́ọ̀sì tí kò níwèé-ẹ̀rí (auxiliary) lọmọ náà dà, iṣẹ́ àṣemọ́jú pẹ̀lú owó tí kò tó wọkọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àjọ tirẹ̀, ti dókítà, ti apòògùn, ti lábù, gbogbo wọn ló sì ń fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí síta. Wọ́n tún ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ẹ wo ìyẹn kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ní ti owó, láti 2024 ni NELFUND ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lówó láìsí èlé; ẹ má kà á sí àròsọ.

Mo sì mọ̀ pé ìlú òyìnbó ló wà lọ́kàn àwọn míì nínú yín. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ìdánwò NCLEX tí wọ́n fi ń gba nọ́ọ̀sì sẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà náà ń béèrè ìṣirò oògùn, nítorí náà ẹ ò tíì sá fún mi.

Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ kò bá sì tọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó rántí Kofoworola Abeni Pratt. Nọ́ọ̀sì ló wù ú láti kékeré, bàbá rẹ̀ kò fẹ́, ó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ó sì ṣe é. Lẹ́yìn tó ti relé ọkọ ló tó wọ iléèwé nọ́ọ̀sì Nightingale ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1946. Òun náà ló padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátíróònù àgbà ní UCH Ìbàdàn. Àwọn ọdún tó fi kọ́mọ kò ṣòfò. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti kọ́ aláboyún bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ lọ́mú rí.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo sì fẹ́ lo ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá ẹnìkan nínú ilé, ìyá àgbà bó bá wà nítòsí. Ẹ kí i, ẹ tọrọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ẹ fi ìka méjì, ìka ìfábẹ̀lá àti èyí tó tẹ̀ lé e, sí ọrùn ọwọ́, lápá àtàǹpàkò. Ẹ má lo àtàǹpàkò tiyín, iṣan tirẹ̀ náà ń lù, ẹ ó ka ara yín. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù. Ó ń lù, àbí? Èmi ni màá wo aago. Ẹ kà á láti ìgbà tí mo bá ní ó yá, títí mo fi máa ní ẹ dúró.

Ó yá.

(Ìdákẹ́jẹ́: ìṣẹ́jú àáyá 30.)

Ẹ dúró. Ẹ fi 2 lọ́nà iye tí ẹ kà. Bí àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ bá wà láàárín 60 sí 100, ó dára. Bí tiyín bá jìnnà sí i, ẹ tún un kà kí ẹ tó dáyà jáni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹ ṣe kà á gẹ́lẹ́, kì í ṣe bí ẹ ṣe rò pé ó yẹ kó rí. Ẹ kọ orúkọ ìyá àgbà sí i, ẹ kọ ọjọ́ òní, ẹ sì kọ aago. Ọ̀la, ní àkókò yìí kan náà, ẹ tún un kà.